Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá kílíìpù fún páìpù kan ṣoṣo

Ariwo ló fà á. Nílé bàbá mi ní Ìkòròdú, páìpù tó ń gbé omi láti inú kànga ẹ̀rọ lọ sí táǹkì gba ara ògiri yàrá tí mo máa ń sùn kọjá. Tí wọ́n bá ti tan pọ́ńpù báyìí, páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri, gbì, gbì, gbì, bí òṣómàáló tó wá gba owó aṣọ. Kílíìpù, ìyẹn ohun tó ń di páìpù mọ́ ògiri, tí púlọ́ńbà lò ti tóbi jù, ló bá gé túùbù kẹ̀kẹ́ wé páìpù kó lè há. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni túùbù yẹn fi bá wa gbé kó tó yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Mo ní màá ṣe é fúnra mi. Páìpù wán ìńṣì ni, PVC funfun tí gbogbo wa mọ̀. Mo ṣírò ó: ìńṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4. Mo lọ ra kílíìpù 25, irú èyí tí rìwáyà máa ń fi de kọ́ńdúùtì, páìpù tí wáyà iná ń gba inú rẹ̀. Mo gbé e lé páìpù, ẹnu rẹ̀ ò gbà á rárá, àfi bí ẹni tó fẹ́ ki ẹsẹ̀ àgbàlagbà bọ bàtà ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Mo sọ fún àbúrò mi tó wà ní Houston. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ó sì fi odidi àpò kílíìpù kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Wọ́n kọ “1 inch” gàdàgbà sára àpò náà, wọ́n wá kọ “EMT” wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Èmi ò ka èyí tó wẹ́wẹ́. Páìpù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi wáyà iná sí nílùú wọn ni EMT, wán ìńṣì tiwọn sì jẹ́ mílímítà 29.5 ní ìbú látòde. Wán ìńṣì tiwa jẹ́ 33.4. Mo fi súkúrù fipá mú ọ̀kan. Ó fún páìpù lọ́rùn, ó tún ya pílásítà ara ògiri lulẹ̀. Bàbá mi yọjú, ó wo ihò náà, kò sọ nǹkan kan, ó padà wọlé. Ìyẹn dùn mí ju kó bínú lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá mọ̀ pé orúkọ ni “wán ìńṣì” tí páìpù omi ń jẹ́, kì í ṣe ìwọ̀n ara rẹ̀. Ihò inú páìpù irin ayé àtijọ́ ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn. Ti kọ́ńdúùtì 20 àti 25 yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù PPR tí wọ́n ń fi iná jó pọ̀: ara òde gan-an ni nọ́ńbà wọn ń sọ. Kílíìpù ò sì mọ inú páìpù, òde ló ń dì mú.

Nítorí náà, kí n tó lọ ra ìkẹta, òwú ìránṣọ ni mo mú. Mo yí i ká páìpù lẹ́ẹ̀kan, mo sàmì síbi tó ti pàdé, mo nà án sórí rúlà: mílímítà 105. Mo fi 3.14 pín in, ó di 33.4. Mo tún fi ayùn gé àjákù páìpù tó gùn bí àtẹ́lẹwọ́, mo kó o sápò lọ sí ọjà Orílé. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, wán ìńṣì ni, ó máa wọ̀ ọ́.” Mo yọ àjákù mi jáde. Kò wọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Èyí tí mo rà níbẹ̀ ni kílíìpù irin onírọ́bà: abala méjì, bóòtù lápá ọ̀tún àti òsì, rọ́bà dúdú nínú, nọ́ọ̀tì M8 (ti mílímítà 8) lẹ́yìn tí ọ̀pá tó wọ ògiri ń gbà wọlé. Wọ́n kọ 32–36 sára rẹ̀, 33.4 sì wà láàárín ìyẹn. Owó ọ̀kan tó owó oníke mẹ́rin. Mo ra mẹ́fà, mo sì ti lò wọ́n fún òjò kan àti ọ̀gbẹlẹ̀ kan. Ariwo ti lọ. Rọ́bà ló ń gba ìgbọ̀nrìrì pọ́ńpù, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ kí páìpù jìnnà díẹ̀ sí ògiri. Ẹ má yọ rọ́bà yẹn o, torí òun ló sọ ọ́ di 32–36. Tó bá kúrò, ẹ ti padà sí ọ̀rọ̀ túùbù kẹ̀kẹ́ nìyẹn.

Àṣìṣe kan tí mo ṣe ni pé mo kọ́kọ́ dè wọ́n pinpin. PVC máa ń gùn sí i tí oòrùn bá pa á: páìpù mítà mẹ́fà tí ìgbóná rẹ̀ fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 20 lé sí i lè fi bíi mílímítà 7 gùn. Nígbà tó dọ̀sán, páìpù tẹ̀ bí ọrun láàárín kílíìpù méjì. Mo wá de ti ìsàlẹ̀ nìkan le, mo dẹ márùn-ún yòókù kí páìpù lè máa yọ̀ nínú wọn.

Kílíìpù oníke funfun 20 ni wọ́n fi de kọ́ńdúùtì sólà wa. Nínú ilé, kò burú. Èyí tó wà níta ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ìka lásán ni mo fi ṣẹ́ méjì. Wọ́n tún fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ní òfin iná Amẹ́ríkà ò gbà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta fún kọ́ńdúùtì PVC tí kò ju wán ìńṣì lọ. Mo ti fi onírin pààrọ̀ gbogbo ti ìta. Onírin náà dáa, súkúrù rẹ̀ nìkan ló tètè dípẹtà.

Àpò EMT àbúrò mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ku ọ̀kan kó pé. Ẹni tó bá ní páìpù tó jẹ́ 29.5 ní Ìkòròdú, kó wá gbà á.