Kíìtì Annexin V fún wíwo sẹ́ẹ̀lì tó ń kú: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Kíìtì yìí dáa o. Ẹ̀yin ará láàbù tẹ́ ẹ ti ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ rà á, ẹ rà á, àmọ́ ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ ń rà.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ ká mọ sẹ́ẹ̀lì tó fúnra ẹ̀ ṣètò ikú ara ẹ̀, ìyẹn apoptosis, yàtọ̀ sí èyí tí ìyà jẹ títí tó fi bẹ́. Ọ̀rá kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ phosphatidylserine, inú ló máa ń kọjú sí, àmọ́ tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń kú lọ ọ̀rá yẹn á yí síta, òun làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń palẹ̀ òkú mọ́ nínú ara máa ń rí tí wọ́n á fi wá gbé e mì kó tó di pé ó bẹ́ tí ibẹ̀ á sì wú. Annexin V ló ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yìí, wọ́n ti so àwọ̀ ewé tó ń tàn mọ́ ọn. Àwọ̀ kejì inú kíìtì, PI (propidium iodide), pupa ni, kì í ráyè wọlé àfi tí awọ sẹ́ẹ̀lì bá ti ya. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ ewé nìkan, apoptosis ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí méjèèjì pa pọ̀, ó lè jẹ́ apoptosis tó ti pẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ṣe ló kàn bẹ́, kíìtì ò mọ ìyàtọ̀ wọn, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ kan ti já bọ́.

A fi staurosporine, kẹ́míkà tó máa ń fa apoptosis, dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì Jurkat, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì kánsà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú ní láàbù, 1 micromolar, wákàtí díẹ̀ péré àwọ̀ ewé ti gba gbogbo ibẹ̀. Hydrogen peroxide gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Tó bá kéré, mitochondria, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, á tú prótíìnì tó ń jẹ́ cytochrome c sílẹ̀, ẹ́ńsáìmù caspase-9 á jí ẹ́ńsáìmù caspase-3, ìyẹn á máa gé prótíìnì inú sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́, gbogbo ẹ̀ á lọ létòlétò. Tó bá pọ̀ jù, ATP, ìyẹn agbára tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì fi ṣe ètò yẹn, á ti tán, á kàn bẹ́ ni. Kẹ́míkà kan náà o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da omi ewúro tó ki lé sẹ́ẹ̀lì kánsà lórí tẹ́ ẹ wá ń pariwo pé ewé ti pa kánsà, ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ náà á pa á tó bá ti pọ̀ tó. Ẹ máa wò ó ní wákàtí-wákàtí, kẹ́ ẹ rí i bóyá àwọ̀ ewé ló ṣáájú pupa, kẹ́ ẹ sì fi tẹ́ẹ̀sì caspase-3 kún un.

Ìwé pélébé inú páálí ò sọ̀rọ̀ EDTA tó, kẹ́míkà tó máa ń wà pẹ̀lú trypsin nínú omi tá a fi ń tú sẹ́ẹ̀lì kúrò lára àwo. Láìsí calcium, Annexin ò lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, EDTA ló sì ń gbé calcium mì, torí náà ẹ fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa. Trypsin náà, ẹ́ńsáìmù tó ń tú sẹ́ẹ̀lì kúrò lára àwo, tó bá pẹ́ jù lára sẹ́ẹ̀lì á ya awọ ẹ̀, ẹ ó wá rò pé kẹ́míkà yín ló ṣe é. Jurkat tó ń léfòó, tí kì í lẹ̀ mọ́ àwo, ò ní wàhálà yìí.

Tẹ́ ẹ bá ti da àwọ̀ méjèèjì sí sẹ́ẹ̀lì, ìṣẹ́jú 15 nínú òkùnkùn, kẹ́ ẹ sì kà á láàárín wákàtí kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa to láìnì fún flow cytometer, ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, ní dìpátímẹ́ǹtì míì, ẹ gba àyè sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bọ́fà rárá. Máíkírósíkóòpù tó ní iná fluorescence náà ń ṣe é. Kódà Kerr, Wyllie àti Currie, àwọn onímọ̀ tó sọ apoptosis lórúkọ ní 1972, ò ní kíìtì kankan, wọ́n kàn rí i pé sẹ́ẹ̀lì ń sún kì, ó sì ń já sí wẹ́wẹ́, ẹ kọ́kọ́ fojú yín wò ó náà kẹ́ ẹ tó náwó, torí dọ́là ni wọ́n fi ń ta nǹkan yìí.

Ti dẹlífárì, áìsì ti yọ́ kí tèmi tó dé, àmọ́ ó ṣì ṣiṣẹ́. Fíríìjì ló ń gbé, 2 sí 8°C, ẹ má gbé e sí fírísà láéláé. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tà á ní déètì tó máa expire kẹ́ ẹ tó sanwó.