Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra Prius C: irọ́ ni "lítà kan, kìlómítà 35"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ háíbíríìdì kékeré, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fi epo àti iná bátìrì rìn pọ̀, nítorí owó epo, kó ka èyí tán kó tó san kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190, tó sún mọ́ ₦500 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì ti kan ₦1,000 kí 2024 tó parí, gbogbo ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun ló ń béèrè ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀. Àwọn oníjìbìtì náà ti mọ ohun tí à ń béèrè.

Ibi ìtajà ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan wà ní Èkó tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Orúkọ tó wà lára pátákó wọn lónìí kọ́ ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà tí mo bá dárúkọ wọn, kò lè gbà yín. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni kí ẹ mọ̀, torí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń dá a.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìbàdàn ló ti ń wa takisí tí èrò ń fi fóònù pè. Ó ta Corolla rẹ̀, ó yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kún un, ó lọ ra Toyota Prius C ti 2012. Ọmọkùnrin tó mú un yí ọkọ̀ náà ká kò yé pè é ní "Bàbá mi": "Bàbá mi, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Lítà kan, kìlómítà 35. Ẹ rọ epo kún tánkì l'Ékòó, ẹ ó dé Kánò kó tó tán." Nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sì tóbi lóòótọ́. Ó sanwó. Kó tó pé oṣù kan, lítà kan kì í gbé e ju kìlómítà 12 lọ nígboro, bẹ́ẹ̀ ohun tí Corolla tó tà ń ṣe fún un nìyẹn. Iná pupa onígun mẹ́ta sì ti tàn sí i lójú. Nígbà tó pè wọ́n, ẹni tó ń pè é ní "Bàbá mi" ló wá ń sọ pé, "Ọ̀gá, tòkúnbọ̀ kì í ní gàráǹtì." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú 35 yẹn wò, torí wọn ò kàn hú u nílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Prius C ní Amẹ́ríkà, Aqua ni orúkọ rẹ̀ ní Japan, níbi tí Toyota ti gbé e jáde ní oṣù kejìlá 2011. Ìdánwò epo tí wọ́n ń lò níbẹ̀ nígbà náà, JC08, ló fún un ní kìlómítà 35.4 lórí lítà kan. Inú ilé ìdánwò ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí ẹ̀rọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìtan AC. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, yẹ irú ọkọ̀ yìí kan náà wò, ṣùgbọ́n ìdánwò tiwọn le jù bẹ́ẹ̀: wọ́n ka AC mọ́ ọn, wọ́n ka eré àsápajúdé mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n kọ fún ti 2012 ni máìlì 53 lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìgboro, 46 lójú ọ̀nà márosẹ̀, 50 ní àpapọ̀. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609. Ẹ ṣírò rẹ̀, máìlì 50 yẹn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 21 lórí lítà kan lọ. Tánkì Prius C ń gba lítà 36. Tí lítà kan bá ń gbé e lọ ní kìlómítà 21, kìlómítà 756 nìyẹn, ìyẹn tí gbogbo nǹkan bá dára. Kánò ṣì kù níwájú dáadáa.

Ẹlòmíràn kò ní sọ 35, máìlì 60 ló máa sọ. Gálọ́ọ̀nù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi ka tiẹ̀, lítà 4.546, kò sì ní sọ fún yín. Máìlì 60 ti Gẹ̀ẹ́sì àti 50 ti Amẹ́ríkà, epo kan náà ni.

Ẹ má sì rò pé nọ́ńbà tó bá ti wá láti iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò ní àsọdùn. Ní 2013, Ford fúnra wọn fa nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, C-Max Hybrid, wálẹ̀ láti máìlì 47 lórí gálọ́ọ̀nù sí 43, wọ́n tún fà á dé 40 ní 2014, wọ́n sì sanwó fún àwọn tó ti rà á. Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí ìjọba ti ń ṣọ́ wọn. Ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ta tòkúnbọ̀ fún wa?

Nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Bọ́tìnnì lásán ni wọ́n fi ń dá a padà sí òdo. Kí ẹ tó dé, wọ́n á ti ṣíná ọkọ̀ sílẹ̀ títí bátìrì yóò fi kún, wọ́n á dá ìṣirò padà sí òdo, wọ́n á wá ní kí ẹ wà á díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Iná bátìrì ló ń gbé yín lọ, ẹ́ńjìnnì kò tíì jó epo, nọ́ńbà sì ń gòkè. Epo tí wọ́n fi kún bátìrì náà ti jó kí ẹ tó wọlé, kò sí nínú ìṣirò tí ẹ ń wò.

Ṣùgbọ́n inú bátìrì gan-an ni jìbìtì ńlá wà. Bátìrì Prius C jẹ́ ègé 20, tí àwọn rewáyà wa ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n so pọ̀ di vólítì 144. Ọkọ̀ ti 2012 tó ti rin Amẹ́ríkà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bátìrì rẹ̀ ti ń darúgbó. Ooru àti eruku tó dí ihò afẹ́fẹ́ ìdí àga ẹ̀yìn á tún ràn án lọ́wọ́. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá kú, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbé àmì P0A80 jáde, tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì lódindi. Àwọn wọ̀nyí kì í pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á yọ èyí tó kú, wọ́n á fi ògbólógbòó sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ dí àyè rẹ̀, wọ́n á fi síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, pa àmì náà rẹ́, wọ́n á fọ ọkọ̀, ó di ọjà. Ohun tí rewáyà rí nígbà tó tú ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì tí ọjọ́ orí wọn kò bára mu, òmíràn ti wú, ìpata aláwọ̀ ewé ti bo irin tó so wọ́n pọ̀.

Ohun tó sì fi ń mu epo nìyí. Tí bátìrì bá ti rẹ̀, kò lè gba iná dúró, ẹ́ńjìnnì ni yóò máa dá ṣe gbogbo iṣẹ́, yóò sì tún máa fún bátìrì níná lórí ìdúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pàápàá tí AC bá wà ní títàn, torí iná bátìrì ńlá yìí náà ni AC rẹ̀ ń lò. Prius kò sì ní státà bíi ti mọ́tò mìíràn. Ọjọ́ tí bátìrì ńlá bá kú pátápátá, ọkọ̀ kò ní ṣíná, ẹ tì í títí, kò ní jí.

Ti Honda yàtọ̀, ó sì léwu lọ́nà tirẹ̀. Civic Hybrid ti 2006 sí 2011 lè fi ẹ́ńjìnnì nìkan rìn tí bátìrì ńlá rẹ̀ bá ti kú. Àwọn kan á wá wá ọgbọ́n pa iná IMA, ìyẹn iná ìkìlọ̀ ètò háíbíríìdì Honda, ẹ ó sì máa wa ọkọ̀ epo lásán pẹ̀lú owó háíbíríìdì. Nítorí náà, tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tàbí tẹ bọ́tìnnì ọkọ̀ kí ẹ tó ṣíná, ẹ rí i pé gbogbo iná ìkìlọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó kú. Èyí tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ ọ́.

Tí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣíná kí ẹ tó dé, kí ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ bi wọ́n léèrè. Rewáyà yín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe tiwọn, kó sì mú síkánà tó lè ka bátìrì háíbíríìdì dání, áàpù Dr. Prius orí fóònù náà ń ṣe é. Kó wo bóyá àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí. Tí ọ̀pọ̀ bá ṣì wà láìparí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àmì rẹ́ ni. Kó wo vólítì sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, kì í ṣe lórí ìdúró nìkan, torí níbi iṣẹ́ ni aláìlera ti ń já. Ẹ tan AC, ẹ wà á gun òkè, kí ẹ pẹ́ lójú ọ̀nà. Bátìrì tó kún fọ́fọ́ tó sì gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí fáànù ẹ̀yìn sì ń pariwo, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ fi VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, torí fọ́tò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí omíyalé bà jẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ ṣe èyí kò ní ọkọ̀ tí ẹ fẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ọkọ̀ ń mu ní tòótọ́, ẹ rọ epo kún tánkì, ẹ kọ nọ́ńbà máìlì sílẹ̀, ẹ rìn, kí ẹ tún padà rọ ọ́ kún ní ilé epo kan náà. Tó bá jẹ́ pé máìlì 200 lẹ rìn, kìlómítà 322 nìyẹn. Tó bá gba lítà 16, kìlómítà 20 lórí lítà, bátìrì yín ń ṣiṣẹ́. Tó bá gba 27, ẹ wá rewáyà kíákíá.

Prius C tó pé kì í ṣe ọkọ̀ burúkú, mo mọ àwọn tó ń gbádùn tiwọn. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu sínú rísíìtì: ìpò bátìrì, iye ọjọ́ tí wọ́n fi dúró fún un, àti orúkọ ẹni tó tà á. Ẹni tó bá sì ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi "tòkúnbọ̀ kì í ní gàráǹtì" pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 kò fàyè gba kí olùtajà parọ́ nípa ohun tó ń tà, FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló sì wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun tí síkánà gbé jáde kí ẹnikẹ́ni tó tú bátìrì náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi polówó ọkọ̀ náà rẹ́, ẹ sì kọ ìwé sí FCCPC báyìí, kí wọ́n tó tún pátákó wọn kọ.