Yí oúnjẹ padà ni, àbí kéèyàn máa lo metformin, oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀?

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí dókítà sọ fún pé ṣúgà yín ti ń gòkè àmọ́ kò tíì di àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ti fi ọ̀nà méjèèjì wéra lára èèyàn tó lé ní 3,000, èsì ẹ̀ jáde ní 2002: àwọn tó yí oúnjẹ padà, tí wọ́n ń rìn dáadáa wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n sì fọn díẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ fi 58% dín kù fún wọn, metformin fi 31% dín in kù.

Oògùn rọrùn, ẹ jẹun, ẹ gbé e mì, ó parí, bó tilẹ̀ ń da inú àwọn kan rú. Oúnjẹ ló le, pàápàá fún àwa Ẹ̀gbá tí láfún ti mọ́ lára. Màámi kọ́kọ́ bínú nígbà tí mo dín láfún wọn kù sí ìwọ̀n ìkúùkù kan, tí mo wá bu ewédú àti ẹja kún àwo, àmọ́ ní báyìí àwọn fúnra wọn ló ń sọ pé ó ti tó, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ Ìtòkú. Èmi o, oúnjẹ àti ìrìn ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn yín dúró láì kọ́kọ́ bi dókítà.