Odò ẹran olówó pọ́ọ́kú lápá Ògùn: iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáa, àmọ́ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ màlúù ti pọ̀ jù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí níbi tí mo ti ń ra odindi màlúù ìnáwó, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ odò ẹran kan lápá ìpínlẹ̀ Ògùn tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ báyìí torí owó ẹ̀ ò wọ́n. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ alásè ni mò ń ṣe, ẹran ló ń gbé orúkọ mi ró, òun náà ló sì lè bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí n kì í fi rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra màlúù, èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ dúró tì wọ́n.

Ká sọ tòótọ́, àwọn alápatà ibẹ̀ mọṣẹ́. Wọ́n gé ẹran bó ṣe yẹ, wọn ò yọ nǹkan kan pamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì, bohóòlù wọn sì ń yọmi dáadáa. Pọ̀nmọ́ wọn, igi ni wọ́n fi ń sun ún, kì í ṣe táyà, ìyẹn wù mí gan-an torí èéfín táyà lára pọ̀nmọ́, májèlé gidi ni.

Àmọ́ ẹ wo ohun tójú màlúù ń rí kó tó kú. Òkè Ọya ni tírélà ti ń kó wọn bọ̀, wọ́n á ti wà lórí ìdúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìjẹ láìmu, òmíràn á ti tẹ èkejì mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n bá sì dé, kò sí pèpéle kankan tí wọ́n á gbà sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń fi pàṣán lé wọn kí wọ́n bẹ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n mú fún mi, funfun ni, ìwo ẹ̀ gùn, bó ṣe bẹ́ báyìí ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ lórí kọnkéré, kò lè dìde mọ́. Ọmọkùnrin kan di ìrù ẹ̀ mú ó ń lọ́ ọ, ìkejì ń fi igi gún un nídìí, màlúù ń mí gúlegúle, itọ́ ń já lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n fokùn sí i, wọ́n wọ́ ọ gba inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ti pa, lójú àwọn màlúù yòókù. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ ó sinmi díẹ̀." Bàbá alápatà ní, "Màmá, ẹran ṣáà ni, ẹ má dá wa dúró." Mùsùlùmí ni bàbá yìí o, ó ṣe bisimiláì kó tó fọ̀bẹ kàn án, bẹ́ẹ̀ Ànábì ló ní ká pọ́n ọ̀bẹ dáadáa ká má fi ìyà jẹ ẹran tá a fẹ́ pa. Ọ̀bẹ tiwọn ò mú. Ó fà á títí.

Ẹlòmíì á ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ó kàn mí torí ẹ̀dá tó mọ ìrora ni, Ọlọ́run tó dá wa ló dá òun náà. Ó sì tún kan ìkòkò mi. Màlúù tí wọ́n bá da láàmú kó tó kú, okun inú ara ẹ̀ á ti tán, àsíìdì tó yẹ kó wà nínú ẹran lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tán, tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́, ò ní pọ̀ tó, ẹran á dúdú, á gbẹ, á sì tètè rùn. Itan ẹ̀gbẹ́ ibi tí tèmi fi ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀ dúdú, ńṣe ni mo gé e sọnù.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti dókítà ẹran. Ó yẹ kó wo màlúù láàyè, bó ṣe ń rìn, ojú ẹ̀, imú ẹ̀, bóyá ó lóyún, tí wọ́n bá pa á tán kó gé àwọn kókó orí àti ti fùkù wò bóyá ikọ́ ìfe wà níbẹ̀, torí ikọ́ ìfe màlúù ń ran èèyàn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹran mi ti wà nínú àpò kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó dé, ẹni tó wá dé náà, owó tíkẹ́ẹ̀tì ló gbà, ó lu òǹtẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, fídíò kan jáde ní 2008 láti ilé ìpẹran kan ní California tí wọ́n ti ń fi fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo, ti màlúù tí ò lè dìde, ìgbà tó fi máa di 2009 ìjọba ti ní wọn ò gbọdọ̀ pa irú màlúù bẹ́ẹ̀ fún èèyàn jẹ mọ́, dókítà ìjọba sì wà nínú ilé ìpẹran tó lè dá iṣẹ́ dúró. Tiwa ńkọ́? Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn, abala 495 ní ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko á ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí kó san 50 náírà, tàbí méjèèjì. 50 náírà! Kò lè ra ègé ẹran kan. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó rọrùn fún ìjọba náà, ẹ rántí 2018 tí wọ́n ní káwọn alápatà Bódìjà n'Íbàdàn kó lọ sí odò ẹran Amósùn, ìjà ṣẹlẹ̀, ìbọn dún, ẹ̀mí lọ sí i. Àmọ́ pèpéle ọkọ̀, omi mímu àti ibi tí màlúù á sinmi sí, ìyẹn ò gba ìbọn.

Odò ẹran tí mò ń lò báyìí jìnnà, owó ẹ̀ sì fi díẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ọgbà wà tí màlúù ń sùn mọ́jú, omi wà níwájú wọn, dókítà wọn, obìnrin ni, máa ń dé kílẹ̀ tó mọ́. Mo rí i tó dá abo màlúù kan padà torí ó lóyún, ẹni tó ni ín pariwo títí, dókítà ò dá a lóhùn, ó kàn ń kọ̀wé ẹ̀ lọ ni.

Tẹ́ ẹ bá ṣì máa lọ sí ti Ògùn yẹn torí owó, ẹ tètè débẹ̀ ní ìdájí, ẹ bèèrè dókítà kẹ́ ẹ tó sanwó, tí ò bá tíì dé, ẹ má gbà kí wọ́n dúńbú. 2 nínú 5 ni mo fún wọn, ọ̀kan torí pọ̀nmọ́, ọ̀kan torí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń gé ẹran.