Mílíìkì òfio inú ìgò: ó dùn, àmọ́ ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é

Mílíìkì inú agolo kì í bá mi lára mu. Bí mo bá ti mu ún, inú mi á máa kùn, á sì wú. Ohun tó gbé mi dé ìdí òfio nìyẹn, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìmùmù.

Obìnrin kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn ló ń ṣe èyí tí mò ń rà. Ó ń lọ òfio, àgbọn àti déètì pọ̀, kì í fi ṣúgà sí i. Bí ìgò náà bá dúró díẹ̀, omi á tòrò lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á wà nísàlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mì í dáadáa. Tó bá tutù nini, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán: àgbọn lẹ kọ́kọ́ máa gbọ́, òfio á tẹ̀ lé e. Ó máa ń ha ọ̀fun díẹ̀. Èyí ò dí mi lọ́wọ́, àmọ́ ọkọ mi ò lè gbé e mì.

Ara ìgò ni ẹjọ́ wà. Wọ́n kọ “agbára ọkùnrin” gàdàgbà sí i, ẹ ò sì ní rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà NAFDAC ò sí. Àwọn ọkùnrin wa ò tiẹ̀ béèrè. Agbára ni wọ́n ń rà. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn mọ̀. Sítáàṣì pọ̀ nínú òfio, tẹ́ ẹ bá gbé e kaná, á ki. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kì í fi í sè é rárá: irú omi tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ náà lẹ máa mu. Bí kò bá sí yìnyín, kíá ló ń kan. Mo ti ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn lójú títì tó hó yaa bí mo ṣe ṣí ìdérí rẹ̀.

Ti sóyà yàtọ̀. Dandan ni kí wọ́n sè é jinná, torí sóyà tí kò jinná ń da inú rú. Èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ ju ti òfio lọ fíìfíì, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn níbí, ti polongo oúnjẹ sóyà láàárín ọdún 1980 sí 1989, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fojú oúnjẹ ọmọ tó rù wò ó. Ká sòótọ́, òórùn ẹ̀wà rẹ̀ ò kúrò.

Ọmọ mi, sóyà ni mò ń fún un. Èmi ń mu òfio mi lọ, àmọ́ àárọ̀ ni mò ń lọ rà á nílé obìnrin yẹn. Èyí tó ti wà nínú kúlà tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́, mi ò rà.