Roland JV-1080: ìtumọ̀ 64 Voice tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀

Ọdún 1994 ni Roland, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ orin ti Japan, gbé JV-1080 jáde, títí di òní ni àwọn atẹdùùrù àti àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ṣì ń wá tòkunbọ̀ rẹ̀ kiri. Sound module ni. Kò ní ibi tí ọwọ́ yóò ti tẹ orin. Ohùn nìkan ló wà nínú àpótí náà, dùùrù mìíràn tàbí kọ̀ǹpútà ni yóò máa pàṣẹ fún un. Strings, pad àti electric piano rẹ̀ ṣì dùn gan-an. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á láàmú ni àwọn nọ́ńbà rẹ̀: voice 64, part 16, patch 640. Wọ́n rò pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti ń bu oúnjẹ.

Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti yẹ kí a bẹ̀rẹ̀. Wave ni ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́. 448 ló wà níbẹ̀. Bí wave kan bá gba inú filter kọjá, tó sì ní envelope tirẹ̀, ó ti di tone. Filter ló ń mú kí ohùn mọ́ gaara tàbí kí ó rọ̀: cutoff ni ibi tó ti ń gé e, resonance ló ń mú kí etí gbọ́ ojú ibi tó gé náà ketekete. Envelope ni ìrìn ohùn láti ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kú. Tone kan sí mẹ́rin ló ń para pọ̀ di patch, èyí tí à ń fi orúkọ yàn lójú ẹ̀rọ.

Ibí ni voice ti wọlé. Voice kan ni ààyè ohùn kan tí ẹ̀rọ lè dún lẹ́ẹ̀kan náà; 64 ló ní. Nóòtì kan tí ẹ bá tẹ̀, voice kan ni tone kọ̀ọ̀kan yóò jẹ níbẹ̀, ó kéré tán. Patch oní-tone mẹ́rin yóò jẹ mẹ́rin lórí nóòtì kan, nítorí náà nóòtì 16 péré ni 64 yẹn dà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ kọ́ọ̀dù nóòtì mẹ́jọ, ẹ fẹsẹ̀ mọ́ pedal tó ń mú kí nóòtì máa dún lọ, ẹ tẹ òmíràn: ó ti pé. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ yóò gé àwọn nóòtì àkọ́kọ́ dànù kí ó lè rí ààyè. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Bọ́tìnnì Tone Switch wà níwájú rẹ̀; ẹ pa tone kan, nóòtì 21 ni ẹ óò rí.

Multitimbral ni pé ẹ̀rọ kan lè dún bí ẹgbẹ́ onílù odidi. Nínú ẹgbẹ́ onídùndún, ìyáàlù ní ẹni tó ń lù ú, gúdúgúdú ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni part 16 ṣe rí: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní patch tirẹ̀ àti channel MIDI tirẹ̀ (ọ̀nà tí àṣẹ láti dùùrù ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀), ìlù sì ni part 10. Ipò Performance, níbi tí a ti ń to àwọn part pọ̀, ni èyí ti ń ṣiṣẹ́, àti ipò GM. Ní ipò Patch, ohùn kan ṣoṣo ni ẹ óò gbọ́. Voice 64 kan náà ni gbogbo part 16 yóò pín, nítorí náà Voice Reserve ṣe pàtàkì: ẹ fi 8 pa mọ́ fún ìlù, 4 fún bass, kí strings má baà jẹ wọ́n run.

Ìkùnà tó tóbi jù lójú tiwa ni EFX, ohun tó ń ṣe ohùn lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Patch tó dùn bí oyin nígbà tó dá wà yóò gbẹ bí ẹ bá gbé e wọ Performance, torí pé EFX rẹ̀ kò tẹ̀ lé e wá. Ẹ wá EFX Source, kí ẹ yan part tí ẹ fẹ́ kí ó jàǹfààní rẹ̀; àwọn yòókù yóò fara mọ́ reverb (ìdún bí inú gbọ̀ngàn) àti chorus (ìdún bí ọ̀pọ̀ ohùn) tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, JV-2080 tó ní EFX mẹ́ta ni kí ó wá.

Ní ti MIDI, kò gbé ohùn rárá, àṣẹ ló ń gbé. OUT dùùrù ni ẹ óò so mọ́ IN module, kí channel wọn sì bára mu. Dùùrù tó ní ojú USB nìkan kò lè bá JV-1080 sọ̀rọ̀ tààrà; kọ̀ǹpútà tó ní MIDI interface (ẹ̀rọ tó ní ojú MIDI) tàbí USB MIDI host gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Program Change, àṣẹ tó ń yan patch, kò kọjá 128, ìdí nìyẹn tí patch 640 fi nílò bank, ìyẹn àkójọ patch 128 kọ̀ọ̀kan: User, ibi tí ẹ ti ń fi tiyín pa mọ́, àti Preset A sí D tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe. Fún Preset A, ẹ fi CC0 (àṣẹ tó ń yan bank) ránṣẹ́ ní 81, CC32 (èkejì rẹ̀) ní 0, lẹ́yìn náà Program Change. Preset B ni CC32 ní 1. Bí patch tó wọlé bá fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fẹ́, ohun tó fà á ni pé àwọn kọ̀ǹpútà kan ń kà láti 0, ẹ̀rọ ń kà láti 1.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó ti Japan wá ń lo 100V, ti Amẹ́ríkà ń lo 117V, kò sì sí ibi tí a ti ń yí i. Bí ẹ bá kì í bọ iná 230V láìsí step-down, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, yóò jóná. Bátìrì CR2032 inú rẹ̀ ló ń pa User mọ́. Bó bá kú, patch 128 tí ẹ ṣe níbẹ̀ ti lọ, àmọ́ Preset A sí D kò ní lọ. Ẹ fi SysEx, àṣẹ MIDI tó ń kó ohun inú ẹ̀rọ jáde, da User sí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yọ bátìrì. Ààyè mẹ́rin ló wà fún páálí SR-JV80 tó ń fi ohùn kún un. SRX, oríṣi páálí mìíràn ti Roland, kò lè wọ inú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Bí kò bá sí dùùrù nítòsí láti dán an wò, ẹ ki ìgbọ́rọ̀sétí bọ iwájú rẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì Volume wọlé: yóò dún fúnra rẹ̀.