Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta òògùn èékánná ní Dùgbẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tí psoriasis, àrùn awọ ara kan tó máa ń mú èékánná náà, ń bá èékánná yín jà bíi tèmi, ọkùnrin kan ń pàtẹ ní Dùgbẹ̀, ó sì ń polówó lórí WhatsApp pé ọjọ́ 14 ni òògùn òun fi ń sọ èékánná di tuntun. Irọ́ ni. Ẹ má fún un lówó yín.

Tó bá ti rí ọwọ́ yín, á ní kòkòrò ló wà lábẹ́ èékánná. Á fi abẹ ha á, á da omi dúdú kan sí i tó ń ta gan-an, á wá gba ₦18,000 fún ìpara inú ike kékeré tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Èèwọ̀ tó máa ń kà ló bí mi nínú jù: ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan omi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló lè ṣe ìyẹn nínú wa tí à ń ro àmàlà, tí à ń fọ abọ́, tí à ń wẹ ọmọ? Tí òògùn ò bá wá ṣiṣẹ́, ẹ ti jẹ èèwọ̀ nìyẹn, owó ò ní padà. Àbúrò kan ládùúgbò wa tó ń ránṣọ lọ bá a. Èékánná méjì ṣí kúrò, ìka wú, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ojú mi ló ṣe sunkún.

Mo mọ ohun tó ń gbé èèyàn débẹ̀. Èékánná á ní ihò wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ẹni kán epo sí i, á máa ṣí kúrò lára ẹran. Tí ata bá wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ò ní lè sùn. Bọ́tìnnì di wàhálà. Níbi ìnáwó, ẹni tó jókòó tì yín á fa abọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ àrùn yìí kì í ràn rárá! Agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn ló ṣìnà, tó ń bá ara fúnra rẹ̀ jà.

Kò sí òògùn tó ń lé e lọ pátápátá, àmọ́ èyí tó ń dẹwọ́ rẹ̀ wà. Èékánná ọwọ́ kì í hù ju bíi mílímítà 3 lóṣù, nǹkan bí oṣù 6 ni odindi kan fi ń hù, tẹsẹ̀ máa ń ju ọdún kan lọ. Báwo ni tọjọ́ 14 ṣe wá jẹ́? Híha á gan-an tún ń ru psoriasis sókè ni. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara ní UCH. Wọ́n lè gé díẹ̀ lára èékánná lọ sí láàbù, torí àrùn èékánná tí olú (fungus) ń fà máa ń jọ ọ́. Tí oríkèé ìka bá ń wú tàbí tó ń le láàárọ̀, ẹ má fi falẹ̀, psoriasis lè ba oríkèé náà jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ má ju ike nù. Ẹ gbé e han dókítà, kẹ́ ẹ sì fi ẹjọ́ sun NAFDAC. Ọkùnrin náà máa ń yí nọ́ńbà àti orúkọ padà, àmọ́ àwòrán kan náà ló ń gbé kiri: ọwọ́ tó wọ òrùka fàdákà ní ìka àárín.